Ọlọ́pàá tó tú àṣírí ké sí rédíò, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá lórí wa. Orí fóònù ni mo ti máa ń ka ìwé ìròyìn yín níbí ní Brooklyn, New York, ojú ewé lẹ́tà àwọn òǹkàwé ni mo sì kọ́kọ́ máa ń ṣí, torí ibẹ̀ làwọn èèyàn ti ń sọ tinú wọn láìfi epo pa á. Ibẹ̀ ni mo ti rí lẹ́tà ẹ̀gbọ́n kan láti Abẹ́òkúta tó ní ọlọ́pàá ilẹ̀ wa ò láyà, pé ká ní Amẹ́ríkà ni, ọlọ́pàá tó bá rí i pé ọ̀gá òun ń gba rìbá á dìde á sọ̀rọ̀, ìjọba á gbé e gẹ̀gẹ̀, wọ́n á fi mẹ́dà kọ́ ọ lọ́rùn. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi o, mi ò fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, àmọ́ ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, ó bu ọ̀rọ̀ náà kù. Wọ́n máa ń fún wọn ní mẹ́dà lóòótọ́ nígbà míì. Ẹ jẹ́ n sọ ti ẹnìkan tí wọ́n fún, àtohun tójú ẹ̀ rí kó tó gbà á.

Frank Serpico lorúkọ ẹ̀, ọmọ àwọn ará Ítálì tí wọ́n bí sí Brooklyn níbí. Ní 1966, ẹnìkan gbé àpòòwé fún un, ó ṣí i, 300 dọ́là ló bá níbẹ̀, owó àwọn oní tẹ́tẹ́, kí ọlọ́pàá lè gbójú kúrò lára wọn. Ó gbé e lọ fún ọ̀gá kan, ohun tí Serpico padà jẹ́rìí ẹ̀ ni pé ọ̀gá yẹn ní kó gbàgbé ẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n lè bá òkú ẹ̀ nínú odò. Ó ń ti ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan bọ́ sí ọ̀dọ̀ òmíì fún ọdún mélòó kan, gbogbo wọn ń sọ pé àwọn ti gbọ́, àwọn ti gbọ́. Nígbà tó sú u, òun àti David Durk, ọlọ́pàá bíi tiẹ̀, kó gbogbo ẹ̀ lọ bá ìwé ìròyìn New York Times, ìyẹn gbé e sójú ewé àkọ́kọ́ ní April 25, 1970, ìgbà yẹn ni ojú ti Méyọ̀ John Lindsay tó wá gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Knapp Commission.

Ó di February 3, 1971. Serpico àtàwọn mẹ́ta míì láti ẹ̀ka àríwá Brooklyn lọ mú ẹni tó ń ta oògùn olóró ní Williamsburg, ní Driggs Avenue. Torí pé òun ló gbọ́ Spanish nínú wọn, òun ni wọ́n ní kó kanlẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀, ó fi èjìká tì í, ó há sáàárín, ìdajì ara ẹ̀ wà nínú ilé, ìdajì wà níta, ó ń pe àwọn tó wà lẹ́yìn ẹ̀ pé ẹ bá mi tì í, wọn ò mira. Ni wọ́n bá yìnbọn fún un lójú látinú ilé.

Nínú rédíò ọlọ́pàá New York, nọ́ńbà kan wà, 10-13. Tí wọ́n bá ti pe nọ́ńbà yẹn, ìyẹn ni pé ọlọ́pàá kan wà nínú ewu, mọ́tò ọlọ́pàá yòówù tó bá gbọ́ ọ á ya, á gba ibẹ̀ lọ, kódà bó ń jẹun lọ́wọ́ á ju oúnjẹ nù. Kò sẹ́ni tó pe 10-13 fún Serpico lọ́jọ́ yẹn. Bàbá àgbàlagbà kan tó ń gbé nínú ilé náà ló pe nọ́ńbà pàjáwìrì pé wọ́n ti yìnbọn fún ẹnìkan, òun náà ló dúró tì í kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dà tán lára ẹ̀.

Ó yè é, àmọ́ etí ẹ̀ kan di. Ó jẹ́rìí níwájú ìgbìmọ̀ ní December 1971, ó fiṣẹ́ sílẹ̀ ní 1972, ó sá lọ Yúróòpù. Mẹ́dà tí ẹ̀gbọ́n sọ yẹn, wọ́n fún un, òun fúnra ẹ̀ ló sọ pé orí káńtà ni wọ́n ti nà án sí òun bíi páálí sìgá. Ìwé ẹ̀rí tó yẹ kó bá mẹ́dà yẹn wá, 2022 ló tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, láyé Méyọ̀ Eric Adams tóun náà ti ṣe ọlọ́pàá rí. Àádọ́ta ọdún! Àwọn àgbà ní olófòófó ò gbẹ́gbàá, ibi ọpẹ́ ló mọ, ọpẹ́ ti Serpico ọ̀hún gan-an, ó ti di ẹni ọgọ́rin ọdún ó lé kí wọ́n tó ṣe é.

Ìdí tí mo fi gùn jàn-ànràn lórí ti Serpico ni rédíò yẹn. Àwọn èèyàn máa ń ya ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá tó tú àṣírí sọ́tọ̀, wọ́n á ya ti rédíò ọlọ́pàá sọ́tọ̀, bíi pé àwọn kan ni wọ́n ń jà fún ti àkọ́kọ́, àwọn oníròyìn àtàwọn tó fẹ́ràn àmẹ́bọ ló ń jà fún ti ìkejì. Lójú tèmi, ẹjọ́ kan ṣoṣo ni.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé fẹ́ni tí ò tíì gbé níbí. Láti ayé àwọn bàbá bàbá wa, láti ìgbà tí ọlọ́pàá Detroit ti kọ́kọ́ fi rédíò sí mọ́tò ní 1928, ohun tí ọlọ́pàá bá ń sọ lórí rédíò, ẹni tó bá ní ẹ̀rọ ẹ̀ lè gbọ́ ọ. Scanner ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ náà, ó wà lọ́jà, kì í ṣe ohun ìkọ̀kọ̀. Ayàwòrán kan tí wọ́n ń pè ní Weegee gba pámíìtì ní 1938 láti gbé rédíò tó ń gbọ́ ti ọlọ́pàá sínú mọ́tò ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi máa ń débi ìṣẹ̀lẹ̀ nígbà míì kí ọlọ́pàá tó dé. Òfin New York ò gbà kéèyàn kàn gbé e sínú mọ́tò láìgba pámíìtì, àmọ́ nínú yàrá ẹ, ìwọ lo letí ẹ. Bàbá tó ń tọ́jú ilé tí mo kọ́kọ́ gbé ní Bed-Stuy, àdúgbò kan ní Brooklyn, ní scanner kan lórí fìríìjì, ó ń ké gbàràgbàrà tọ̀sán-tòru, tá a bá rí mọ́tò ọlọ́pàá tó kún títì Fulton, òun la máa ń bi, á ní iná ló ń jó, àbí wọ́n ti gún ẹnìkan, àbí ọmọ kan ló sọnù. Kì í ṣe pé gbogbo ohun tó gbọ́ ló yé e dáadáa o, bàbá yẹn lè fi ẹnu ara ẹ̀ kún ọ̀rọ̀, àmọ́ ó sàn ju ká dúró de ìròyìn aago mẹ́fà tí ẹnu ọlọ́pàá nìkan lá máa gbọ́.

Ní 2020 tí ìwọ́de ikú George Floyd, adúláwọ̀ tí ọlọ́pàá pa, gba gbogbo ìgboro, àwọn tó ń gbọ́ rédíò yẹn gba ohùn ọlọ́pàá kan sílẹ̀ tó ń sọ pé kí wọ́n yìnbọn fún àwọn tó ń ṣèwọ́de, ó tún fi èébú tì í, ni ọlọ́pàá míì bá dá a lóhùn pé kó má sọ ìyẹn lórí afẹ́fẹ́. Ẹ fojú inú wo ọ̀rọ̀ yẹn. Kò sọ fún un pé ohun tó ń sọ ò dáa, kò ní kó tọrọ àforíjì, pé àwọn èèyàn ń gbọ́ ló bà á lẹ́rù. Ìwọ̀nba ìtìjú tó kù nìyẹn, etí aráàlú tó wà níbẹ̀ ló fà á.

Mo fẹ́ mú wa lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá 81, ní Bed-Stuy kan náà. Adrian Schoolcraft ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ọlọ́pàá lásán ni, kì í ṣe ọ̀gá. Ohun tó ń rí ni pé láràárọ̀ tí wọ́n bá tò kí wọ́n tó jáde, ọ̀gá á ní ẹ lọ mú èèyàn wá, ẹ kọ tíkẹ́ẹ̀tì, iye tí mo fẹ́ nìyí, kò kàn mí bí wọ́n ṣẹ̀ tàbí wọn ò ṣẹ̀. Ní ọwọ́ kejì, ẹni tí wọ́n jà lólè tó bá wá fẹjọ́ sùn, wọ́n á yí i po, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ bíi pé nǹkan ẹ̀ sọnù ni, kí iye ìwà ọ̀daràn lè máa lọ sílẹ̀ nínú ìwé, kí ọ̀gá lè gba ìgbéga. Ẹni tí ò ṣe nǹkan kan ń rí ẹ̀wọ̀n, ẹni tí wọ́n jà lólè ò rí ìwé gbà. Schoolcraft bá fi ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kékeré sápò, ó ń gba gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ láti 2008.

Ní October 2009 ó lọ ṣàlàyé fún àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò ìwé ní oríléeṣẹ́ ọlọ́pàá. Wọ́n ní àṣírí ni, pé ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́. Kò pé oṣù kan tọ́rọ̀ fi bẹ́. October 31, inú ń run ún, ó kúrò níbiṣẹ́ ní wákàtí kan ṣáájú àsìkò, ó lọ sùn sílé ẹ̀ ní Queens. Ilẹ̀ ṣú, àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá wọlé bá a nínú yàrá, wọ́n ní ara ẹ̀ ò yá, wọ́n ní orí ẹ̀ ò pé, wọ́n dè é lọ́wọ́, wọ́n gbé e lọ sí wọ́ọ̀dù àwọn alárùn ọpọlọ ní Jamaica Hospital. Ọjọ́ mẹ́fà ló lò níbẹ̀. Wọ́n rí ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kan gbà lọ́wọ́ ẹ̀ o, wọn ò mọ̀ pé ọ̀kan tún wà nínú yàrá tó ń gba ohùn gbogbo wọn sílẹ̀, torí ẹ̀ la ṣe mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀, ọsibítù tún wá fi bíìlì ránṣẹ́ sí i, owó tó lé ní 7,000 dọ́là, pé kó wá sanwó ìtọ́jú tí ò ní kí wọ́n tọ́jú òun!

Ẹ̀gbọ́n Abẹ́òkúta, ṣé ohun tí wọ́n ń ṣe fẹ́ni tó bá sọ òótọ́ nílé kọ́ nìyẹn? Wọ́n á ní wèrè ń bọ̀ lórí ẹ̀, wọ́n á ní ẹ wo bó ṣe ń dá sọ̀rọ̀. Àwọn tibí kàn fi mọ́tò ọsibítù kún un ni.

Ìwé ìròyìn Village Voice gbé ohùn inú ẹ̀rọ yẹn jáde ní 2010. Ìwádìí tí ọlọ́pàá fúnra wọn ṣe sọ pé òótọ́ ni Schoolcraft wí, pé wọ́n ń yí ìwé ìwà ọ̀daràn, ṣùgbọ́n wọ́n jókòó lé ìwé ìwádìí náà, 2012 ló tó dé etí aráyé. Àwọn ohùn ọ̀hún náà wà lára ohun tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní kóòtù nígbà ẹjọ́ Floyd (Floyd míì ni o, kì í ṣe George), tí Adájọ́ Shira Scheindlin fi dá a ní August 2013 pé bí ọlọ́pàá New York ṣe ń dá àwọn èèyàn dúró tí wọ́n ń tú wọn wò lójú títì, ó lòdì sí òfin ilẹ̀. Ní 2011 nìkan, ìgbà tó lé ní 685,000 ni wọ́n dá èèyàn dúró bẹ́ẹ̀, adúláwọ̀ àtàwọn tó ń sọ Spanish ló pọ̀ jù. Àwa tá a wà níbí nígbà yẹn mọ bó ṣe rí, tó o bá wọ jákẹ́ẹ̀tì onífìlà tó o ń ti ibiṣẹ́ bọ̀ lóru, wàá máa múra sílẹ̀ láti gbọ́wọ́ sókè. Ní 2015, ìjọba ìlú fún Schoolcraft ní 600,000 dọ́là kí ẹjọ́ lè parí. Iṣẹ́ ọlọ́pàá, ó ti lọ nìyẹn.

Kì í ṣe New York nìkan o. Ní Baltimore, Joe Crystal jẹ́rìí pé àwọn ẹlẹgbẹ́ òun lu ẹni tí wọ́n ti mú ní 2011, ó jáde sí mọ́tò ẹ̀ lọ́jọ́ kan ní November 2012, òkú eku ló bá lórí gíláàsì iwájú. Eku ni wọ́n ń pe olófòófó níbí. Ohun tó tún sọ nínú ẹjọ́ tó pè ni pé tóun bá ké sí rédíò pé kí wọ́n wá ran òun lọ́wọ́, wọn kì í wá. 42,000 dọ́là ni wọ́n fi rán an lọ. Ní Chicago, Shannon Spalding àti Danny Echeverria, ọlọ́pàá ni àwọn méjèèjì, ran FBI, ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀, lọ́wọ́ láti mú Sájẹ́ǹtì Ronald Watts, ẹni tó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn tó ń ta oògùn ní ilé ìjọba Ida B. Wells, ẹni tí ò bá san, wọ́n á ju oògùn sí i lápò, ó di ẹ̀wọ̀n. Orúkọ àwọn méjèèjì jò sí etí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, ó di pé wọ́n ń pè wọ́n ní eku, wọ́n ń kìlọ̀ fún wọn pé táwọn bá ké sí rédíò, ẹnikẹ́ni ò ní jáde. Chicago san 2 mílíọ̀nù dọ́là fún wọn ní 2016. Watts fúnra ẹ̀, oṣù 22 péré ni wọ́n dá fún un, bẹ́ẹ̀ ẹjọ́ tó lé ní igba ni kóòtù ti fagi lé nínú èyí tóun àtàwọn èèyàn ẹ̀ fi kó àwọn ọmọ ọlọ́mọ lọ sẹ́wọ̀n. Ọlọ́pàá Cariol Horne ti Buffalo ńkọ́, tó dá ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ lẹ́kun pé kó jáwọ́ lọ́rùn ẹni tó ń fún ní 2006? Wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́ ní 2008, ó ku díẹ̀ kó pé ogun ọdún tó fi máa gba owó ìfẹ̀yìntì. 2021 ni adájọ́ tó dá a padà fún un.

Ṣé ẹ rí ohun tó so gbogbo wọn pọ̀? Ìjìyà tí wọ́n ń fi jẹ ọlọ́pàá tó bá sọ̀rọ̀, kì í sábà jẹ́ pé wọ́n kọ lẹ́tà sí i pé a ń jẹ ọ́ níyà. Dídákẹ́ ni wọ́n ń dákẹ́. Ó ké sí rédíò, rédíò ò dáhùn. Kò sí ẹ̀rí, kò sí ìwé, ẹni tó bá pe ẹjọ́, wọ́n á ní a ò gbọ́ ni, níbi tá a wà rédíò ò mú dáadáa, mọ́tò ò sí nítòsí. Ta ló máa jẹ́rìí pé ó ké, pé wọ́n gbọ́? Àwọn tó wà níta tó ń gbọ́ rédíò náà ni o! Bàbá orí fìríìjì yẹn, oníròyìn tó jókòó sínú ọ́fíìsì, ẹnikẹ́ni tó bá ń gba ohùn náà sílẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, wọ́n lè sọ pé aago báyìí ló pè, ìṣẹ́jú báyìí ló kọjá, ẹnikẹ́ni ò lóun ń bọ̀. Mi ò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń sọ èyí tí wọ́n bá ń jà lórí rédíò, gbogbo ohun tí mo ń gbọ́ ni ẹ̀tọ́ oníròyìn, ẹ̀tọ́ oníròyìn. Ó dáa, àmọ́ ẹ̀tọ́ ọlọ́pàá tí ọwọ́ ẹ̀ mọ́ náà wà níbẹ̀.

Ní July 2023 ni wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í ti rédíò New York pa. Ẹ̀rọ tuntun onídíjítà ni, wọ́n ní yóò ná ìlú ní 390 mílíọ̀nù dọ́là, gbogbo ohùn tó bá ń gba inú ẹ̀ kọjá ni wọ́n á fi kóòdù bò, ẹni tí ò bá ní kọ́kọ́rọ́ kóòdù yẹn ò ní gbọ́ ju ariwo lásán lọ. Ẹ mọ ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀? Àríwá Brooklyn. Ẹ̀ka tí Serpico ti jáde lọ́jọ́ tí wọ́n yìnbọn fún un, ẹ̀ka tí àgọ́ 81 Schoolcraft wà lábẹ́ ẹ̀. Mi ò ní torí wọn ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ o, mi ò fẹ́ kí lọ́yà ẹnikẹ́ni pè mí, àmọ́ tèmi ni pé kò sí ibi tó yẹ kí etí aráàlú pẹ́ sí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn ọlọ́pàá ní ìdí tiwọn, mi ò ní bò ó mọ́lẹ̀. Ní ìgbìmọ̀ aṣòfin ìlú ní November 2023, ọ̀gá wọn tó ń mójú tó ẹ̀rọ, Ruben Beltran, ṣàlàyé pé àwọn ọ̀daràn ń gbọ́ ohun táwọn ń sọ, pé àwọn kan ń já wọ orí rédíò àwọn láti da ọ̀rọ̀ rú, pé àdírẹ́ẹ̀sì ẹni tí nǹkan ṣẹlẹ̀ sí ń bọ́ sí etí ayé. Èyí tó kẹ́yìn yẹn, mo gbà á. Obìnrin tí wọ́n fipá bá lò pọ̀, kí ló dé tí gbogbo àdúgbò á fi gbọ́ nọ́ńbà ilé ẹ̀? Ọmọ mi obìnrin wà nínú ìlú yìí, mi ò ní fẹ́ ẹ fún un. Ṣùgbọ́n fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀, wọ́n lè ní ìlà tiwọn tí wọ́n á tì, àwọn tó ń ṣọ́ ọ̀daràn lábẹ́lẹ̀ náà lè ní tiwọn, kí ìlà tí wọ́n fi ń rán mọ́tò jáde wà ní ṣíṣí. Chicago náà tì í, àmọ́ wọ́n ń gbé ohùn náà jáde lẹ́yìn ìṣẹ́jú 30. Ìyẹn sàn ju òfo lọ, ṣé ẹ mọ ohun tí ò jẹ́ kó tẹ́ mi lọ́rùn? Láàárín ìṣẹ́jú 30 yẹn, ọwọ́ wọn ni bọ́tìnnì wà, èyí tí wọn ò bá fẹ́ ká gbọ́, ta ló máa mọ̀ pé ó wà ńbẹ̀ rí? Palo Alto ní California tilẹ̀ ti tiwọn ní January 2021, àwọn èèyàn pariwo lé wọn lórí, wọ́n ṣí i padà ní 2022, ọ̀run ò sì já lu àwọn ará Palo Alto. Níbí, sẹ́nétọ̀ Michael Gianaris láti Queens gbé àbá òfin wá pé kí àwọn oníròyìn àtàwọn tó ń ṣiṣẹ́ pàjáwìrì máa gbọ́ ọ lójú ẹsẹ̀. Mo fara mọ́ ọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dé ọ̀dọ̀ àwa tí kì í ṣe oníròyìn.

Ẹ wá jẹ́ n padà sílé kí wọ́n má ní mo ti di òyìnbó. Rédíò ọlọ́pàá Nàìjíríà ò fìgbà kan ṣí sílẹ̀ fún wa, a ò mọ ohun tí ń jẹ́ scanner, fóònù wa la fi ń ṣe scanner, òun la fi mọ ìwà SARS, òun ló sì gbé gbogbo ọ̀dọ́ jáde ní October 2020. Àmọ́ ẹ̀yin oníròyìn náà mọ̀ pé signal máa ń jò. Ìwé tí oríléeṣẹ́ fi ń ránṣẹ́ sí àwọn kọmíṣọ́nnà, pé ẹ ṣe báyìí, ẹ gbé lágbájá kúrò níbí, kí ẹ tó mọ̀ ó ti wà lórí WhatsApp. Ẹni tó jò ó, ọlọ́pàá ni, kì í ṣe iwin. Ẹ̀gbọ́n ní wọn ò láyà, wọ́n láyà díẹ̀ o, orúkọ ni wọn ò lè fi sí i. Tọ́wọ́ bá tẹ̀ ẹ́, wọ́n á gbé e wọ orderly room, níbi tí ọlọ́pàá ti ń dá ẹjọ́ ọlọ́pàá, tó bá rí orí yọ níbẹ̀, signal míì á tún dé pé kó gbẹ́rù ẹ̀ lọ sí ìpínlẹ̀ tí kò mọ ẹnì kankan, ìyàwó àtọmọ á ṣì wà ní bárékè.

Ètò tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní December 2016 nígbà tí Kẹ́mi Adéọ̀ṣun jẹ́ mínísítà ètò ìnáwó, pé ẹni tó bá tú àṣírí owó tí wọ́n jí á gba ìdá 2.5 sí 5 nínú ọgọ́rùn-ún, ètò lórí owó nìyẹn, òun ló sọ̀rọ̀ 43 mílíọ̀nù dọ́là tí EFCC bá nínú fúláàtì ní Ìkòyí ní 2017 di ìròyìn. Kọ́pùrà tó rí DPO ẹ̀ tó ń lu ọmọ ọlọ́mọ nínú sẹ́ẹ̀lì, kò sí ìdá nínú ọgọ́rùn-ún fún ìyẹn. Ohun tó wà fún un ni òfin FOI tí Goodluck Jonathan buwọ́ lù ní May 2011. Gbogbo wa mọ̀ ọ́n sí òfin tá a fi ń kọ̀wé béèrè ìwé ìjọba, tí wọ́n ní láti fèsì láàárín ọjọ́ méje. Àmọ́ ẹ ṣí i dé abala 27. Ó wà níbẹ̀ pé òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá sọ ohun tó mọ̀ síta láìgbàṣẹ, tó sì ní ìdí tó bọ́gbọ́n mu láti gbà pé ohun náà fi hàn pé wọ́n rú òfin, tàbí wọ́n ná owó ní ìnákúnàá, tàbí wọ́n lo agbára ní ìlòkulò, Official Secrets Act, òfin tó de àṣírí ìjọba, ò gbọdọ̀ mú un, Criminal Code, òfin ìwà ọ̀daràn, ò sì gbọdọ̀ mú un. Ọlọ́pàá mélòó ló mọ̀ ọ́n? Mo ní àbúrò nínú iṣẹ́ náà ní Ọ̀ṣun, mo bi í lórí fóònù, ó ní bọ̀dá mi, FOI wo nìyẹn, ṣé kì í ṣe ti ẹ̀yin oníwèé ìròyìn ni.

Torí náà, ẹ̀yin Olóòtú, ohun tí mo ń bẹ̀ yín ni pé kí ẹ bá wa túmọ̀ abala 27 yẹn sí Yorùbá tó já gaara, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ gàdàgbà sójú ewé tí èèyàn lè gé mú. Kí ẹ sì kọ̀wé FOI tiyín sí oríléeṣẹ́ ọlọ́pàá, kí ẹ bi wọ́n pé ohùn tó ń wọlé sí control room wọn ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ṣé wọ́n ń gbà á sílẹ̀, ọjọ́ mélòó ni wọ́n ń tọ́jú ẹ̀, ta ló sì láṣẹ láti pa á rẹ́. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní. Tí wọ́n bá fèsì, ẹ gbé e jáde, tí wọn ò bá fèsì, ẹ gbé ìyẹn náà jáde, ẹ fi déètì sí i.

Ẹ kí ẹ̀gbọ́n Abẹ́òkúta fún mi.

Èmi ni òǹkàwé yín láti Brooklyn, New York